Yamaha V-Star 650: alùpùpù tí mo fi ń ròde láti Ògbómọ̀ṣọ́

Yamaha V-Star 650 Custom ni mò ń gùn. Tòkunbọ̀ ni, Èkó ni wọ́n ti gbé e wá fún mi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo sì ń gbé. Iṣẹ́ fọ́tò yíyà ni mò ń ṣe: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àgbà, àti àwọn ọmọ LAUTECH tó bá ṣe àṣeyege. Sátidé yìí lè bá mi ní Ìlọrin, kí èyí tó tẹ̀ lé e bá mi ní Ọ̀yọ́ tàbí Ẹ̀jìgbò. Torí náà, ẹ má retí kí n máa ròyìn eré sísá. Ohun tó jẹ mí lógún ni kí n dé òde lásìkò, kí ẹ̀yìn má dùn mí, kí kámẹ́rà mi sì gúnlẹ̀ láìfọ́.

Èrò mi rèé, kí ẹni tí kò ráyè kàwé gígùn lè máa lọ. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò láti ìlú dé ìlú lórí ọ̀dà, tí kò sì ga, kò sí alùpùpù tí mo lè júwe fún un ṣáájú èyí. Ẹni tó bá jẹ́ pé àárín ọjà àti ọ̀nà oko ló ń gbà lójoojúmọ́, kó ra Bajaj Boxer. Iye tí mo fi ra tèmi lè ra Boxer tuntun méjì.

Gíga ìjókòó ni màá kọ́kọ́ sọ, torí òun ló jẹ́ kí n rà á. Lórí àwọn pawa báìkì tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin fẹ́ràn, èyí tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gùn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni mo fi máa ń wá ilẹ̀ nígbà tí mo bá dúró. Èyí yàtọ̀. Láti ilẹ̀ dé orí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 695 mm. Bí mo bá jókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì á tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, orúnkún mi á sì ṣẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ kò ga, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ: ìbẹ̀rù pé ẹ̀rọ lè wó lu èèyàn ní Tákíè, láàárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, lójú gbogbo ayé kò sí níbẹ̀ mọ́. Iwájú ni ibi tí à ń gbé ẹsẹ̀ lé wà, háńdù rẹ̀ fẹ̀, ó sì sún mọ́ni, kò ní jẹ́ kí èèyàn tẹ̀ síwájú. Mo ti gùn ún lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀ rí, mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, mo sì dáná alẹ́.

Ó wúwo o. Bí epo àti ọ́ìlì bá wà nínú rẹ̀, ó lé ní 230 kg, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Boxer méjì lórí òṣùwọ̀n. Bó bá ti ń rìn, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wúwo, torí ìsàlẹ̀ ni ìwúwo náà jókòó sí. Ìgbà tó bá dúró ni. Kò ní gíà tí ń padà sẹ́yìn, nítorí náà kí n tó gbé e sílẹ̀ ní ilé ìnáwó, mo máa ń wo ibi tí ilẹ̀ dà sí. Bí imú rẹ̀ bá kọjú sí ìsàlẹ̀ níbi tó dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ẹ ó ní láti bẹ àwọn ọkùnrin méjì kí wọ́n tó fà á jáde. Imú rẹ̀ ni mo máa ń kọ sí ojú ọ̀nà, nígbà gbogbo.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú tètè rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Sábó, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún, ó yí bọ́ sí apá òsì, ó tún padà sí ọ̀tún. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ṣéènì rẹ̀ wà?” Ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ lé irin gbọọrọ tó lọ láti ẹ́ńjìnnì dé ìdí táyà ẹ̀yìn. Ó ní, “Kò ní ṣéènì. Ṣáàfù ló ń yí i, bíi ti tírélà.” Ọmọ náà wo irin yẹn fún ìgbà pípẹ́.

Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà rí mọ ohun tí ṣéènì ń fojú èèyàn rí. Erùpẹ̀ pupa tiwa ń lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì ara rẹ̀, yanrìn á máa ha á, á dẹ̀, wọ́n á fún un, á tún dẹ̀, títí wọ́n á fi pààrọ̀ òun àti eyín tó ń yí i. Nígbà òjò, ìpẹtà á tún dé. Lórí V-Star, gbogbo ìyẹn wà nínú ilé irin tí a dé pa. Ọ́ìlì gíà díẹ̀ ló wà ní ìdí táyà ẹ̀yìn, a máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá tó àkókò, ó tán. Fún èmi tó ń di aṣọ òkè sínú báàgì lọ sí òde, ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: kò sí gíríìsì tí ń ta sí nǹkan kan lẹ́yìn mi.

Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, kò ní rédíétọ̀, kò sí omi tí à ń wò. Sílíńdà méjì ló ní, wọ́n ya ara wọn bíi lẹ́tà V ní igun 70, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 649 cc. Tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn àlàfo kékeré tó wà lórí fáàfù ẹ́ńjìnnì, sukúrù àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí náà ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì ọ̀kadà, tó sì ní sùúrù, lè ṣe é. Kàbúrétọ̀ nìkan, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì, ni mi ò jẹ́ kí ọwọ́ ẹni tí kò ní irinṣẹ́ rẹ̀ kàn. Méjì ni wọ́n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa fa afẹ́fẹ́ dọ́gba-dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ń fà ju èkejì lọ, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bó bá dúró, epo á sì máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó bá ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ìfàsí wọn ni kí ẹ gbé e lọ bá, kì í ṣe ẹni tó ń fi etí gbọ́ ọ.

Omi inú epo ni ọ̀tá kàbúrétọ̀ wọ̀nyí. Mo ra epo lójú ọ̀nà nígbà òjò kan, mi ò tíì lọ jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́, tó sì kú. Sukúrù kékeré kan wà nídìí kàbúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan, èèyàn lè tú u kí ohun tó wà nísàlẹ̀ jáde. Omi ló kọ́kọ́ jáde, kí epo tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni súkúrúdíráfà ti ń gbé lábẹ́ ìjókòó mi.

Kí n wá sọ ti ọ̀nà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, ọ̀nà oníbejì tó tẹ́jú ni, ibẹ̀ sì ni alùpùpù yìí ti ń ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a. Gíà márùn-ún ló ní. Bí mo bá ti wọ ìkarùn-ún, tí ìsáré rẹ̀ wà láàárín 80 sí 90 km ní wákàtí, ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀, á máa dún gbùdù-gbùdù lábẹ́ mi, kò ní hó, kò ní pariwo bíi pé wọ́n ń fipá mú un. Láàárọ̀ kùtùkùtù ìgbà ọyẹ́, tí oòrùn ṣì pupa, tí kò tíì sí ọkọ̀ púpọ̀, inú mi máa ń dùn débi pé mo máa ń fẹ́ kí Ìlọrin tún sún síwájú díẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá 100, afẹ́fẹ́ á máa ti yín láyà, torí kò sí gíláàsì níwájú. Ẹ lè so ọ̀kan mọ́ ọn. Èmi kì í sáré débẹ̀.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà àtijọ́ láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ tóóró, àwọn tírélà tó ń bọ̀ láti òkè ọya ló sì ń gbà á. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn V-Star kò lè lọ sókè sódò ju 86 mm lọ. Bí táyà ẹ̀yìn bá já sí kòtò, ìdí èèyàn ló ń gbà á. Lórí Boxer, èèyàn á fẹsẹ̀ tẹ ìtẹ̀sẹ̀, á gbé ìdí díẹ̀ kúrò lórí ìjókòó, kòtò á kọjá. Lórí èyí, iwájú ni ẹsẹ̀ wà, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ dìde. Ẹ ó jókòó gbà á ni, tàbí kí ẹ rọra. Mo máa ń rọra. Bí òde bá wà ní Ọ̀yọ́, mo máa ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí n lè dé Owódé láìbá tírélà dù ú. Bírékì iwájú rẹ̀ jẹ́ díìsìkì kan, ti ẹ̀yìn jẹ́ dọ́rọ́ọ̀mù. Wọ́n ń mú, àmọ́ ìwúwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kó dúró gbàgà bíi ọ̀kadà. Ẹ fi àyè gbòòrò sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ọkọ̀ iwájú.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó máa ń gbóná. Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ní Tákíè, ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù kò rí afẹ́fẹ́ kankan, itan ọ̀tún mi ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà méjèèjì wà. Nítorí náà, báàgì kámẹ́rà ń gbé apá òsì, aṣọ àti bàtà òde mi ló ń gbé apá ọ̀tún, lẹ́yìn tí mo ti ní kí wọ́n fi irin gbé e jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Ṣòkòtò jíǹsì àti jákẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń wọ̀ rìn. Ìró, bùbá àti gèlè, inú báàgì ni wọ́n wà, ibi tí mo bá dé ni mo ti ń wé gèlè. Àṣíborí kò bá gèlè gbé, àṣíborí ló sì gbọ́dọ̀ wà lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa gbé èrò, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Lẹ́yìn ìnáwó, àwọn màmá kì í fẹ́ dúró de mọ́tò. Wọ́n á ní, “Ìyá fọ́tò, gbé mi dé Sábó, Ọlọ́run á gbé ọ ga.” Apá òsì ni kí wọ́n ti gùn ún, kí wọ́n ká ìró wọn sáàárín itan kó má ṣe fẹ́. Wáyà ló wà lára rìmù rẹ̀, ìró tó bá wọ ibẹ̀ lè fa èèyàn lulẹ̀. Ìró tó bá sì kan sàlẹ́ńsà á jó. Ìyá tó bá ní ẹ̀gbẹ́ kan lòun fẹ́ jókòó sí, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n bá a dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ìjókòó ẹ̀yìn náà tẹ́ẹ́rẹ́, kò tó fún ọ̀nà jíjìn.

Táǹkì rẹ̀ ń gba lítà 16. Lítà kan máa ń gbé mi tó 20 km lójú ọ̀nà, ìyẹn ni pé mo lè lọ Ìbàdàn kí n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láìtún ra epo. Ẹni tó ti gun Boxer mọ̀ pé èyí ń jẹun jù ú lọ dáadáa, láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ìnáwó yẹn kì í ṣe kékeré. Owó ọkọ̀ ni mo fi ń wé e nínú ìdíyelé mi fún oníbàárà, kì í ṣe owó ọ̀kadà. Kò ní aago tó ń fi iye epo hàn. Bí epo bá fẹ́ tán, á bẹ̀rẹ̀ sí dákú, ẹ ó wá yí táàpù abẹ́ táǹkì sí ibi àfipamọ́, lítà 3 á ṣì kù.

Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 170/80-15. Mi ò rí i rà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èkó ni mo ti ń ní kí wọ́n bá mi wá a, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí wá a kí èyí tó wà lẹ́sẹ̀ tó jẹ tán. Àmọ́ túbù ló wà nínú rẹ̀, fọganáísà èyíkéyìí tó bá ní irin tó gùn lè lẹ̀ ẹ́. Pípààrọ̀ fílítà ọ́ìlì ń gba àkókò, torí ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà ló wà, wọ́n ní láti tú sàlẹ́ńsà kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹ bá mẹkáníìkì sọ owó iṣẹ́ yẹn ṣáájú.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ rẹ̀, àárọ̀ ni kí ẹ lọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí ẹ fọwọ́ kàn án kó má jẹ́ pé wọ́n ti tàn án kí ẹ tó dé. Ẹ fa ṣóòkù, èyí tí wọ́n ń fà kí ẹ́ńjìnnì tutù lè tètè mú, ẹ tẹ sítáátà, kí ẹ fetí sí i: bó bá ń ha gàràgàrà kó tó mú, ẹ yọ iye tí àtúnṣe rẹ̀ máa jẹ kúrò nínú owó, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀, torí kò ní ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ ta. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú táǹkì bóyá ó dípẹtà. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ọ́ìlì tó wà nídìí táyà ẹ̀yìn, kí ẹ rí i pé ọ́ìlì wà níbẹ̀ àti pé irin wínníwínní kò sí nínú rẹ̀. Kí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ àti ti inú ìwé bára mu. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí ẹ nílò ni èyí tó ní A, ẹ ti gbà á kí ẹ tó gùn ún jáde kúrò ní Èkó.