Sàfárì ọjọ́ mẹ́fà ní Tàǹsáníà: dẹ́rẹ́bà ló gba ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Manchester fi iye tí wọ́n san hàn wá, dọ́là 2,450 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, láìka owó ọkọ̀ òfurufú, ọkọ mi bọ́ awò ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀, wọ́n ní, "Torí ká lọ wo erin?" Wọ́n ní ọdẹ ni bàbá àwọn l'Érúwà, pé bàbá ò sanwó fẹ́nikẹ́ni kí wọ́n tó rí ẹranko, ẹranko gan-an ni kì í fẹ́ rí bàbá. Ṣùgbọ́n ọdún 35 tí a ti gbéra wa níyàwó ni àwọn ọmọ fẹ́ fi yọ̀ fún wa, wọ́n sì ti sanwó tán. A lọ ní oṣù kejì ọdún yìí.

Láti ìgbà tí a ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé ṣé ó tó owó rẹ̀. Sàfárì fúnra rẹ̀ ju owó rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó kó wa lọ ò tó o. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ owó tí mo ní kí wọ́n dá padà ṣì wà nílẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti dẹ́rẹ́bà tí wọ́n fún wa ni, ọjọ́ kejì ni ǹ bá ti máa wá bí mo ṣe máa padà sí Ìbàdàn.

Láti Èkó, a gba Addis Ababa dé pápá ọkọ̀ òfurufú Kilimanjaro. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti béèrè físà, ẹ má sì fi falẹ̀ o, tiwa pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Wọ́n béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú; ìyẹn ò ṣòro fún mi, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì. Ohun tó bá mi lójijì ni láílọ́ọ̀nù. Láti oṣù kẹfà ọdún 2019 ni Tàǹsáníà ti fòfin de àpò láílọ́ọ̀nù, èmi sì rèé tí mo di gàrí Ìjẹ̀bú sínú láílọ́ọ̀nù dúdú mẹ́ta tó wọnú ara wọn. Ọmọbìnrin tó ń yẹ ẹrù wò kò bínú, ó kàn nawọ́ sí àpótí tí wọ́n ń kó láílọ́ọ̀nù sí. Mo tú ìborùn mi, mo di gàrí sínú rẹ̀ bí ẹni ń lọ oko, a sì kọjá. Ọkọ mi ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí.

Ìwé ilé-iṣẹ́ náà sọ pé èèyàn mẹ́rin ni yóò wà nínú ọkọ̀, àti pé aago mẹ́fà ààbọ̀ la ó gbéra ní ìlú Arusha. Aago mẹ́fà ààbọ̀ lù, a ò rí ẹnì kankan. Aago mẹ́jọ ti kọjá kí Land Cruiser tó dé, èèyàn mẹ́rin sì ti wà nínú rẹ̀: tọkọtaya ará Jámánì kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ará Sípéènì. Àwa méjì la sọ ọ́ di mẹ́fà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjókòó nìkan nìyí. Òrùlé ọkọ̀ náà ṣeé gbé sókè, èèyàn á dìde dúró, á máa wòran láti ibẹ̀. Bí ẹ bá ti ju mẹ́rin lọ, ìgúnpá ẹlòmíì lẹ máa wò jù.

Dẹ́rẹ́bà ló pẹ̀tù sí wa nínú. Ọmọ bí ọdún márùndínlógójì ni. Ó bọ́ fìlà, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Shikamoo." Mo ti kà á pé ìkíni ọmọdé sí àgbà ni lédè Swahili, pé "marahaba" ni àgbà fi ń jẹ́ ẹ. Mo jẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ tàn. Ó kọjú sí ọkọ mi, ó pè wọ́n ní "Baba," èyí tí kò nílò ògbufọ̀ kankan. Èmi di "Mama." Àwọn ọmọge tó ń gbé oúnjẹ ní òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè ní "dada," bí ìgbà tí a bá ń pe ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ọkọ mi sì ń wo orí wọn bóyá irun wọn ta kókó.

Tarangire, ọgbà ẹranko kan, la kọ́kọ́ wọ̀. Odò kan ló la ibẹ̀ kọjá. Igi osè pọ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi tí mo tíì dé lọ, àwọn kan sì ti ní ihò ràbàtà lára, níbi tí erin ti fi eyín gbẹ́ wọn torí omi tó wà nínú igi náà. Mo ka erin dé ogójì, mo fi sílẹ̀. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí? Kò sí fìrí kankan níbẹ̀. Ìyá erin kan mú ọmọ rẹ̀ gba iwájú ọkọ̀ wa kọjá, ó súnmọ́ wa débi pé mo rí irun ìpéǹpéjú rẹ̀, ó gùn bí ọwọ̀ kékeré, amọ̀ gbígbẹ sì sán lára rẹ̀ bí ògiri ilé àtijọ́. Nǹkan kan ń kù nínú rẹ̀, àyà mi gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́ ọ. Dẹ́rẹ́bà ti pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ mi, tí wọ́n ti ń ráhùn láti Arusha, di ọwọ́ mi mú.

Àmọ́ eṣinṣin ibẹ̀! Eṣinṣin tsetse, tó ń gbé àrùn sùnrunsùnrun kiri, ń gé èèyàn láti orí aṣọ. Àwọ̀ búlúù àti dúdú ló ń fà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta aṣọ búlúù àti dúdú sára igi láti fi dẹ pàkúté fún un. Ilé-iṣẹ́ náà kò sọ ọ́ fún wa ṣáájú. Ọkọ mi wọ àdìrẹ, ojúlówó aláró, tí wọ́n rà ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta. Ẹ ò ní béèrè lọ́wọ́ mi bí ọ̀sán ọjọ́ náà ṣe rí.

Ní ọjọ́ kejì, sọ́kì ọkọ̀ kú lórí òkè Ngorongoro. Wákàtí mẹ́ta àbọ̀ la fi jókòó sórí òkúta, tí eruku àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá ń bò wá. Dẹ́rẹ́bà sọ fún mi lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìtìjú, pé òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá wọn pé sọ́kì yẹn ń jò. Ohun tó dùn mí nìyí, torí ohun tí ìwé ìpolówó kì í sọ ni pé wákàtí lẹ ń rà. Wákàtí 24 ni wọ́n fi ń ka ìwé àṣẹ Serengeti, ọgbà ẹranko ńlá tí a ń lọ, láti ìṣẹ́jú tí ẹ bá ti wọlé. "Ọjọ́ mẹ́ta ní Serengeti" tí wọ́n kọ fún wa, wákàtí 48 ni wọ́n san. A wọlé ní ẹnubodè Naabi Hill nígbà tí aago méjìlá kù díẹ̀ kó lù lọ́jọ́ kẹta. Dandan ni ká ti jáde ní àsìkò yẹn lọ́jọ́ karùn-ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á tún san owó lórí olúkúlùkù wa. Lọ́jọ́ karùn-ún yẹn, abo kìnìún mẹ́ta ti ń dọ̀bálẹ̀ nínú koríko, wọ́n ń yọ́ lọ bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, a fi wọ́n sílẹ̀, à ń sáré bí dánfó Ìwó Road tí ọlọ́pàá ń lé.

Kí n má bínú kọjá Ndutu. Ní gúúsù Serengeti ni, pápá koríko kúkúrú, ibẹ̀ sì ni àwọn nyumbu ń bímọ sí ní àsìkò tí a lọ yẹn. Nyumbu ni Swahili ń pe ẹran tí òyìnbó ń pè ní wildebeest. Kò sí nílẹ̀ Yorùbá, kò sì lórúkọ lọ́dọ̀ wa. Ó dà bí ẹni pé àjẹkù ni wọ́n fi ṣe é: orí màlúù, irùngbọ̀n òbúkọ, ìrù ẹṣin. Wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ. Ilẹ̀ dúdú títí dé ibi tí ojú mọ, ariwo wọn sì jọ ti ọ̀pọ̀lọ́ lálẹ́ òjò.

Dẹ́rẹ́bà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan tí kò jẹun. Àwọn ọmọ Sípéènì fẹ́ ká lọ wá kìnìún. Ó wò mí nínú díńgí, torí mo ti sọ iṣẹ́ mi fún un, ó ní kí n wo ìdí ẹran náà. Pátákò méjì ti yọ. Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí, ọwọ́ mi ti ń yún mi nínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, orí láàárín wọn: dáadáa. Ìyá dùbúlẹ̀, ó dìde, ó tún dùbúlẹ̀. Ọmọ jábọ́. Mo wo aago ọwọ́ mi, àṣà àtijọ́. Ní ìṣẹ́jú kejì, ó gbé orí. Ní ìkẹrin, ó fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde, ó fi imú gbálẹ̀. Ní ìkeje, ó dúró, ó ń gbọ̀n bí ọ̀mùtí, ó ń wá ọmú lábẹ́ àyà ìyá rẹ̀ níbi tí ọmú ò sí. Ibẹ̀ ni ìkookò (hyena) kan tí a ò tiẹ̀ kíyè sí ti dìde jókòó nínú koríko. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń pariwo pé "Rìn! Rìn!" bí ẹni wà ní yàrá ìgbẹ̀bí, ìyàwó ará Jámánì kò gbọ́ Yorùbá, òun náà ń pariwo tirẹ̀. Ọmọ náà sáré. Ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wọ àárín agbo, ìkookò sì tún dùbúlẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà ṣàlàyé fún wa pé koríko ibẹ̀ kúrú, ìyá lè tètè rí ọ̀tá. Eérú òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ló wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀, ó ń jẹ́ kí koríko lóúnjẹ nínú. Gbogbo wọn sì ń bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan náà, kí ìkookò àti kìnìún lè jẹ títí wọn á fi yó, kí púpọ̀ sì ṣẹ́kù.

Seronera, láàárín Serengeti, la ti rí ẹkùn. (Ẹ jọ̀ọ́, tiger kọ́ ni ẹkùn o. Tiger ò sí nínú igbó Áfíríkà. Ẹran alámì tó ń sùn lórí igi yìí ni àwọn baba wa ń kì.) Ọkọ̀ mélòó kan ti gba abẹ́ igi náà kọjá níṣojú wa. Igi pàǹdòrò ni, èso gígùn rọ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà wa tẹ bíréèkì, ó nawọ́, ó ní èso pàǹdòrò kì í ká nísàlẹ̀. Ìrù ni. Ọkọ mi wò ó títí, wọ́n wá wo dẹ́rẹ́bà, wọ́n ní, "Ọmọ ọdẹ lọmọ yìí." Kò sí oyè tó ju ìyẹn lọ lẹ́nu wọn.

Àgọ́ tí a sùn sí níbẹ̀ kò ní ọgbà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ò gbọdọ̀ dá jáde, ẹ̀ṣọ́ kan ni yóò fi tọ́ọ̀ṣì sìn yín. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀, wọn á da omi gbígbóná sínú àpò kan lókè lẹ́yìn àgọ́, ẹ ó sì yára. Ọṣẹ ṣì wà lójú ọkọ mi nígbà tí tiwọn tán. Lóru, kìnìún bú. Kò jọ ti tẹlifíṣàn rárá, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ tábìlì ńlá lórí sìmẹ́ǹtì. Oúnjẹ alẹ́ ò burú, kò ṣáà ní ata. Oúnjẹ ọ̀sán, inú páálí ni: ẹyin bíbọ̀ kan, itan adìẹ kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, júùsì kékeré, lójoojúmọ́ láìyẹ̀. Gàrí inú ìborùn ló yọ wá. Dẹ́rẹ́bà tọ́ ọ wò pẹ̀lú omi tútù àti ṣúgà, ó ní ó jọ ugali, òkèlè àgbàdo wọn, tí kò tíì jinná. Ó tún bu sí i.

Ngorongoro la fi parí. Òkè ayọnáyèéfín tó wó sínú ara rẹ̀ ni, ó jìn tó 600 mítà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 260. Òtútù orí òkè náà láàárọ̀ gba súwẹ́tà, mo bá yín sọ ọ́. Dọ́là 295 ni wọ́n gbà lórí ọkọ̀ wa ká tó sọ̀kalẹ̀. A rí ẹfọ̀n, ìmàdò, ògòǹgò, erinmi. Àgbáǹréré kan wà lọ́nà jíjìn, bí òkúta tó ń mi etí. Àgùnfọn nìkan ni kò sí nísàlẹ̀ níbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ní bèbè náà dagun jù fún ẹsẹ̀ rẹ̀, igi tó sì máa jẹ ò pọ̀.

Lẹ́bàá omi tí àwọn èèyàn ti ń jẹun ọ̀sán, dẹ́rẹ́bà ní ká jẹun nínú ọkọ̀. Ọkọ mi ní ẹsẹ̀ ń ro àwọn, wọ́n bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú itan adìẹ lọ́wọ́. Atẹ́gùn kan kàn fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn, ọwọ́ ti ṣófo. Àṣá. Gbogbo ìgbésí ayé wa la fi ń lé e nítorí òròmọdìẹ. Èyí tiẹ̀ dúró kí wọ́n bá a dín in.

Abúlé àwọn Maasai, ẹ̀yà darandaran ibẹ̀, tí wọ́n mú wa lọ lójú ọ̀nà ni mi ò ní gbà yín níyànjú láti dé: dọ́là 50 lórí ọkọ̀, ijó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlẹ̀kẹ̀ títà. Àwọn Maasai kọ́ ni mò ń bá wí. Ọdún 1959 ni wọ́n kó wọn kúrò ní Serengeti wá sí agbègbè Ngorongoro tòun ti màlúù wọn, ìtàn yẹn nìkan ni ǹ bá sanwó gbọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ lábúlé náà. Inú ọkọ̀ ni dẹ́rẹ́bà ti sọ ọ́ fún wa.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì bí àwọn ọmọ wa ṣe ṣe. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kó yín lọ pé èèyàn mélòó ni yóò wà nínú ọkọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wákàtí mélòó ni ìwé àṣẹ. Ọdún mélòó ni dẹ́rẹ́bà ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ tọ́jú owó ọpẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, wọn kì í kà á mọ́ iye tí ẹ san. Ilé-iṣẹ́ náà ti fi dọ́là 120 lọ̀ mí nítorí sọ́kì àti èrò tó ju mẹ́rin lọ, mo ní kò tó, a ṣì wà lórí ẹ̀.

Lánàá, ọkọ mi jókòó sí pálọ̀, wọ́n bi mí pé èló ni wọ́n ń gbà ní Uganda láti lọ wo ìnàkí. Mo ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni ìwé àṣẹ nìkan, fún wákàtí kan ṣoṣo. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n tún un wọ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn pe Manchester.