Ìrù fáìlì lórí Windows: ká fi í pamọ́, àbí ká ṣí i?

Látilẹ̀, Windows kì í jẹ́ ká rí ìrù fáìlì, ìyẹn .docx (ti Word) àbí .exe (ti ètò kọ̀ǹpútà) tó máa ń wà lẹ́yìn orúkọ fáìlì, láti ayé Windows 95 ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kó pamọ́ dáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn o. Màmá tó ń tẹ project fáwọn ọmọ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú .docx? Tí wọ́n bá ń yí orúkọ padà tí wọ́n ṣèèṣì pa á rẹ́, kọ̀ǹpútà ò ní mọ ohun tó máa fi ṣí fáìlì yẹn mọ́, ni oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ ariwo. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe Windows fojú di wá.

Àmọ́ ẹ wo ILOVEYOU, vírọ́ọ̀sì tó jáde láti Philippines ní May 2000. Orúkọ ẹ̀ ni LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs, Windows wá fi .vbs tó fi hàn pé ètò kọ̀ǹpútà ni pamọ́, àwọn èèyàn rò pé lẹ́tà lásán ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ló bá fi ara ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà nínú Outlook tí wọ́n fi ń gba ímeèlì, yàtọ̀ sáwọn fáìlì tó bà jẹ́. Flash tó ń tọwọ́ dọ́wọ́ l'Ádó yìí ńkọ́, tí "risiti.pdf" lè jẹ́ risiti.pdf.exe?

Lójú tèmi, ẹni tó bá ń gba flash àlejò, kó jẹ́ kí ìrù fáìlì máa hàn jàre. Lórí Windows 11, ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ View, Show, File name extensions, ó parí. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣèèṣì yí ìrù yẹn padà, Windows á kọ́kọ́ bi yín bóyá ó dá yín lójú.