Ìpara ojú tetracycline 1%: èrò mi lẹ́yìn ọmọ méjì

Oògùn tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. Inú túùbù kékeré ni ó máa ń wà, àwọ̀ rẹ̀ rí bí òdòdó ìyeyè, kò wọ́n, kò sì sí kẹ́mísì tí mo wọ̀ rí ní Ìbàdàn tí n kò ti rí i. Ohun kan ṣoṣo ni a torí rẹ̀ ń fi í sójú ọmọ tuntun: kí kòkòrò àrùn tí ọmọ lè kó bí ó ti ń gba ojú ara ìyá rẹ̀ jáde má baà ráyè jókòó sí i lójú. Àtọ̀sí ni ó burú jù nínú wọn. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún ni ọyún máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú lójú ọmọ tí ó bá mú, ìpéǹpéjú á wú pọ̀, bí a bá sì fi falẹ̀, àrùn náà lè dá ẹyinjú lu, kí ọmọ fọ́ lójú. Ti chlamydia, kòkòrò àrùn mìíràn tí à ń kó nípa ìbálòpọ̀, máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yọjú, nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 14, òun náà sì lè dé ẹ̀dọ̀fóró ọmọ.

Kí a tó máa lo ìpara yìí, omi oògùn kan tí ń jẹ́ silver nitrate ni Credé, dókítà agbẹ̀bí ní Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í kán sójú ọmọ tuntun ní ọdún 1880. Níbi tí nǹkan bí ọmọ 10 nínú 100 ti ń ní àrùn náà tẹ́lẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀, wọn kò pé 1 nínú 100 mọ́. Ṣùgbọ́n silver nitrate máa ń ta ọmọ lójú débi pé ojú á pọ́n láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ìpara tetracycline kì í ta ojú tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ni mo kọ́kọ́ yìn ín fún.

Agbẹ̀bí tí ó gba ẹ̀bí ọmọ mi àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí wákàtí kan kọjá. Ó fọ ọwọ́, ó fi òwú tí ó rin nínú omi tí a sè tí ó ti tutù nu ìpéǹpéjú láti ìhà imú lọ sí ìhà etí, òwú kan fún ojú kan. Lẹ́yìn náà ni ó rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, tí ó sì fún ìpara tẹ́ẹ́rẹ́ bí fọ́nrán òwú sínú rẹ̀, láìjẹ́ kí ẹnu túùbù kan ojú. Kò fi omi ṣàn án. Ọmọ sín lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sùn.

Ilé ìwòsàn mìíràn, tí n kò ní dárúkọ, ni mo bí ìkejì sí, oògùn náà kò sì sí nílẹ̀ ní òru ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí bàbá ọmọ lọ rà á. Ẹni tí ó bá ní kẹ́mísì kò wo páálí lẹ́ẹ̀mejì tí ó fi ní, "Ẹ gbà, sà, òun náà nìyí." Nígbà tí mo gbé e sábẹ́ iná ni mo rí i pé 3% ni wọ́n kọ sí i lára; ìpara awọ ara ni, èyí tí à ń fi sí egbò. Páálí méjèèjì jọra bí ìbejì. Kí ọkọ mi tó lọ pààrọ̀ rẹ̀ bọ̀, wákàtí tí ó yẹ kí a fi í sí i ti kọjá. Àléébù kìíní nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ti oògùn gan-an: ẹni tí ó bá ń rà á gbọ́dọ̀ sọ pé ti ojú ni òun fẹ́, kí ó sì ka 1% lára túùbù fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, ipin gbẹ mọ́ ojú òsì ọmọ náà. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ, ní, "Ṣebí omi ọmú náà ni à ń fún sí i nígbà tiwa, ojú yín kò ha là?" Mo ní, "Ó là, Màmá," mo sì gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí omi ọmú kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú ọmọ dán wò bí ó bá jẹ́ pé àtọ̀sí ni. Ojú náà kò pọ́n, kò sì wú. Dókítà ní ọ̀nà omijé ni kò tíì là dáadáa, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ imú ọmọ. Púpọ̀ nínú wọn máa ń là fúnra wọn kí ọmọ tó pé ọdún kan. Ìpara kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ọyún ti ń tú, ìpara yìí nìkan kò tó. Abẹ́rẹ́ bíi ceftriaxone ni a fi ń wo ti àtọ̀sí, a ó máa fọ ojú náà léraléra, wọ́n á sì tọ́jú ìyá àti bàbá pẹ̀lú. Ọsibítù ni a ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe kẹ́mísì.

Èyí àgbà, tí ó ti pé ọmọ ọdún 5, kó Àpólò wálé láti ilé ìwé ní oṣù tí ó kọjá. (Ní ọdún 1969, tí ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sí òṣùpá, ni irú ojú pípọ́n kan bẹ̀rẹ̀ ní Ghana tí ó sì tàn káàkiri, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.) Mo fi ìyókù túùbù àbúrò rẹ̀ sí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Àṣìṣe méjì ni mo ṣe. Fáírọ́ọ̀sì ni ó sábà ń fa Àpólò, tetracycline kò sì rí i gbé ṣe. Túùbù náà sì ti wà ní ṣíṣí ju oṣù méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 28 ni ó yẹ kí a ti sọ ọ́ nù. Ohun tí mo rí gbà ni ọmọ tí ń sunkún pé òun kò ríran dáadáa, torí pé ìpara náà máa ń bo ojú bí kùrukùru. Táwẹ́lì ọ̀tọ̀, ọwọ́ fífọ̀ àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ó wò ó. Inú mi dùn pé n kò gba èyí tí alámùúlégbé kan gbé wá, tí stẹ́rọ́ìdì (oògùn tí ń mú kí wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀) wà nínú rẹ̀, tí ó lè ba ojú jẹ́ bí dókítà kò bá kọ ọ́.

Bí mo bá tún bímọ, màá rà á sínú báàgì ìkúnlẹ̀ mi, pẹ̀lú páálí rẹ̀. Ó wù mí kí wọ́n máa tà á ní túùbù tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ìyókù má baà sí nílẹ̀ láti dán ẹnikẹ́ni wò.