Iná oòrùn alájọlò ní Ìjẹ̀bú-Òde: mo fi òṣùwọ̀n Svend Auken wọ̀n ọ́n

Ilé-iṣẹ́ kan ti ń ta iná oòrùn fún àwa oníṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ilé ìtajà kan lójú ọ̀nà Fọlágbadé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọn kò ta páànẹ́lì fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n to páànẹ́lì sórí òrùlé, wọ́n gbé bátìrì àti ìnfátà sí yàrá kan nísàlẹ̀, wọ́n fa wáyà wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kan mítà tí oníkálukú ń ra káàdì sí gẹ́gẹ́ bí a ti ń ra ti NEPA. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni èmi ń ṣe níbẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí irú àdéhùn tí wọ́n gbé wá ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Iná náà dára, kí n má purọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi kì í kú lójijì mọ́, ìyá tó ń ta ẹja òkú Èkó kì í bu epo sí jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀, àwọn télọ̀ òkè sì rán aṣọ Ojúde Ọba mọ́jú láìsí ariwo. Iye tí wọ́n ń gbà ju ti NEPA lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń gbà lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023. Nígbà òjò, agbára rẹ̀ a máa relẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọn a sì ránṣẹ́ ṣáájú pé kí á pa fíríìjì ńlá àti áyọ́ọ̀nù. Ìyẹn kò bí mi nínú.

Ìwé àdéhùn wọn ni mo ní í bá jà. Ó ní ti ilé-iṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀rọ títí láé, bó ti wù kí owó wa pẹ́ nínú rẹ̀ tó, àti pé wọ́n lè yí iye káàdì padà nígbà tó bá wù wọ́n.

Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ Svend Auken, òṣèlú ọmọ Dẹ́ńmáàkì tí wọ́n bí ní ìlú Aarhus ní 1943, tó wọ ilé aṣòfin ní 1971, tí kò sì kúrò níbẹ̀ títí ikú fi mú un lọ ní 2009. Ó ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, lẹ́yìn náà ó di olórí ẹgbẹ́ Social Democrats ní 1987. Nínú ìbò 1990, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní aṣòfin jù, síbẹ̀ kò rí ìjọba gbé kalẹ̀. Nígbà tó di 1992, Poul Nyrup Rasmussen gba ipò olórí ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nílẹ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti ń kẹ́rù lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Auken jókòó. Nyrup di olórí ìjọba ní 1993, ó fi í ṣe mínísítà àyíká, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ iná àti epo kún iṣẹ́ rẹ̀ ní 1994. Ipò yẹn ló wà títí di 2001.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú kan fífi afẹ́fẹ́ pèsè iná. Láti ìgbà tí epo rọ̀bì ti gbówó lórí ní 1973 ni Dẹ́ńmáàkì ti ń wá ọ̀nà àbáyọ, àwọn àgbẹ̀ àti aládùúgbò sì ti ń dáwó jọ ra ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná kí ó tó di mínísítà. Ohun tí ìjọba tó wà nínú rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n fi òfin ti irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná gbọ́dọ̀ ra iná wọn ní iye tí a ti là sílẹ̀. Ní etíkun Copenhagen, olú-ìlú wọn, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ 20 tó wà nínú òkun níbi tí wọ́n ń pè ní Middelgrunden, tí agbára wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 40, jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ iná ìlú náà ní ìdajì; ìdajì kejì jẹ́ ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún aráàlú tó ra ìpín. Ní Aarhus, ìlú rẹ̀, ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ní 1998, èyí tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àyíká, láti dá sí ìpinnu, àti láti lọ sí ilé ẹjọ́.

Ní ilé ìtajà tiwa, a béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ iná oòrùn náà iye tí wọ́n fi ra páànẹ́lì orí òrùlé wa àti ìgbà tí owó náà yóò pé. Ọ̀gá wọn, ọmọdékùnrin tó mọ̀wé tó sì ní ìwà, kàn rẹ́rìn-ín: “Bàbá, ẹ ṣáà máa lo iná yín.” Èyí ló dùn mí jù, torí kò sí ẹni tí yóò kọ́ Ìjẹ̀bú ní dídáwó jọ. Régbérégbé ń dáwó ra aṣọ, wọ́n ń dáwó ṣe ayẹyẹ, gbogbo wọn ló sì mọ ẹni tí ìwé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ yìí bá ta ìdajì ẹ̀rọ náà fún wa, a ó rówó rẹ̀ san.

Wọ́n lè bi mí pé kí ni ìpín yóò ṣe fún mi. Ní Dẹ́ńmáàkì, nígbà tí ìjọba Anders Fogh Rasmussen rọ́pò ti Nyrup ní ìparí 2001, wọ́n fagi lé díẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ ẹ̀rọ inú òkun tí Auken ti là sílẹ̀, àwọn kan sì ti ń sọ pé owó tó ná aráàlú ti pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Síbẹ̀ ẹni tó ní ìpín ní Middelgrunden kò pàdánù ìpín rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ta ilé-iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn lọ́la, òun ni yóò sọ iye tí a ó máa san.

Ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣòwò lè gba iná yìí láìfòyà, ṣùgbọ́n kó gbà á lóṣooṣù, kó sì béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí iye káàdì yóò ṣe máa yí padà. Èmi ti ra káàdì oṣù tó ń bọ̀. Ìwé ọlọ́dún márùn-ún tí wọ́n gbé wá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, n kò tíì fọwọ́ sí i.