Pykeepass, kdbxweb, gokeepasslib: èwo lẹ lè fi páásíwọ́ọ̀dù oníbàárà sí lọ́wọ́?

Kò sí ọ̀kan tí wọ́n ń tà nínú àwọn library mẹ́ta yìí, ìyẹn kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, tí ètò tiyín lè lò láti ṣí fáìlì páásíwọ́ọ̀dù. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá sì rò pé nǹkan ọ̀fẹ́ kì í náni lówó, kó wá bi mí léèrè iye tí mo san fún ọkọ̀ láti Ifẹ̀ dé Iléṣà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́dún tí mo mú èyí tí kò yẹ kí n mú.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fa wáyà, kí n máa to ráútà àti kámẹ́rà fún òtẹ́ẹ̀lì, ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù. Lágere ní Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ìdajì àwọn oníbàárà mi, Iléṣà ni wọ́n wà. Ráútà kan, páásíwọ́ọ̀dù kan. Rẹ́kọ́dà kámẹ́rà kan, páásíwọ́ọ̀dù mìíràn. Nígbà tí wọ́n lé ní igba, ìwé pélébé tí mò ń kọ wọ́n sí kò gbà wọ́n mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ jábọ́ sínú kọ̀rọ́pẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo wá kó gbogbo wọn sínú fáìlì KDBX, irú èyí tí KeePass àti KeePassXC, àwọn ètò tó ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù, ń ṣí, mo sì kọ ètò kékeré kan tó jẹ́ pé bí mo bá ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ráútà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi tuntun sínú fáìlì. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè dá ka fáìlì tí a tì pa. Library ló ń bá a ṣí i, library náà ló ń bá a tì í padà.

Bó bá jẹ́ páásíwọ́ọ̀dù mẹ́wàá, ogún lẹ ní, tẹ́ ẹ sì ń fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́, KeePassXC ti tó yín, ẹ má wulẹ̀ kà á síwájú. Ẹni tó fẹ́ kọ kóòdù ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí bí àgádágodo wọn ṣe lágbára tó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ AES àti ChaCha20, ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ti fáìlì pa, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ka KDBX 4, ẹ̀yà KDBX tó ti wà láti 2017. Ẹni tó bá ní fáìlì .kdb ti KeePass àtijọ́, kó fi KeePass fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di KDBX ná. Níbi tí mo ti fara gbọgbẹ́ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí fáìlì yín láàrin ìgbà tẹ́ ẹ ní kí library fi nǹkan pamọ́ àti ìgbà tó bá parí?

Fífi nǹkan pamọ́, níbi tí iná kì í ti í dúró

Fáìlì KDBX kò dà bí ìwé tí èèyàn lè ṣí sí ojú ewé kan, kó pa ìlà kan rẹ́, kó sì pa á dé. XML kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n tò lọ́nà tí kọ̀ǹpútà lè kà, ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fún un pọ̀, wọ́n wá tì í pa lódidi. Bí ẹ bá yí lẹ́tà kan péré padà, àfi kí wọ́n kọ gbogbo fáìlì náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí wọ́n sì tó kọ ọ́, wọ́n ní láti kọ́kọ́ ro kọ́kọ́rọ́ jáde láti inú páásíwọ́ọ̀dù àgbà yín, èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣí fáìlì náà. Nínú KDBX 4, Argon2 ló sábà máa ń ṣe ìṣirò yìí, òun ló gba ipò kìíní nínú Password Hashing Competition, ìdíje lórí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ní 2015. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó lọ́ra kó sì jẹ mẹ́mórì ni, kí olè tó bá jí fáìlì náà má baà rí àyè dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún páásíwọ́ọ̀dù wò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo ṣe tò ó lórí láptọ́ọ̀pù àlòkù mi, ó ń gba bí ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Library tí mo kọ́kọ́ lò, tí kò sí lára àwọn mẹ́ta yìí, tí mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀, a máa ṣí fáìlì fún kíkọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kọ kóòdù tipẹ́, ó dájú pé ẹ ti di orí mú. Ẹ̀yin tí kò tíì yé: bí ètò bá ti ṣí fáìlì báyẹn, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti pòórá lójú ẹsẹ̀, ó di òfìfo títí tuntun yóò fi wọlé. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá fi páásíwọ́ọ̀dù kan pamọ́, fún odidi ìṣẹ́jú àáyá méjì, igba páásíwọ́ọ̀dù mi kò sí láyé yìí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi bá a lò pọ̀ láìmọ̀.

Bátìrì láptọ́ọ̀pù náà ti kú. UPS abẹ́ tábìlì, ariwo nìkan ló kù tó ń pa. Ní ọjọ́ kan báyìí, mo tẹ Enter, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí mo tan jẹnẹrétọ̀, fáìlì mi wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ pé pérépéré, ìwọ̀n rẹ̀ 0 KB.

Àyà mi ò tíì já nígbà náà, torí mo ní ẹ̀dà kan nínú kọ̀ǹpútà ọmọṣẹ́ mi ní Iléṣà. Ètò kan ló ń da fáìlì kọ láti ọ̀dọ̀ mi sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé láptọ́ọ̀pù mi ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí mo ti tàn án. Mo yára pè é pé kó má tan kọ̀ǹpútà rẹ̀.

“Ọ̀gá, mo ti tàn án láti àárọ̀. Ó tiẹ̀ ní òun ti gba tuntun.”

Òfìfo ló gbà.

Àlàájà kan wà tó ni òtẹ́ẹ̀lì ní Iléṣà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà gidi, ọmọ oṣómàáló. Ó gbé àga, ó jókòó tì mí, ó ní òun ò ní dìde títí kámẹ́rà òun yóò fi máa ṣiṣẹ́. “Ìwọ lo ti ìlẹ̀kùn, ìwọ náà lo gbé kọ́kọ́rọ́ sọ nù. Ṣé èmi ni n ó wá sanwó alágbẹ̀dẹ?” Mo ní, “Ẹ má bínú, mà.” Kí ni n bá tún sọ? Ráútà rọrùn: ẹ ó fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó sì tún gbogbo rẹ̀ tò. Àwọn rẹ́kọ́dà kámẹ́rà ló fojú mi rí màbo. Ó ní èyí tó jẹ́ pé àfi kí ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é kí wọ́n tó fún yín ní kóòdù tí ẹ ó fi wọlé.

Ojú tí mo fi wá ń wo library nìyẹn láti ìgbà náà.

Pykeepass, ti Python: bí ẹ bá pe `kp.save()`, kò fọwọ́ kan fáìlì yín rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ tuntun sínú fáìlì mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń fi .tmp parí, ìgbà tí kíkọ bá parí ló tó gbé e rọ́pò ti àtijọ́. Lórí Linux, orúkọ lásán ló ń yí padà níbẹ̀, kò gba àkókò kankan. Lórí Windows, ó lè jẹ́ pé ṣe ni yóò dà á kọ lé ti àtijọ́ lórí, ìyẹn ò mọ́ tó ti Linux, ṣùgbọ́n .tmp náà kò ní kúrò nílẹ̀ kí àdàkọ tó parí, nítorí náà ọ̀kan nínú méjèèjì yóò ṣẹ́ kù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ wáyà iná lára láptọ́ọ̀pù yẹn nígbà mẹ́fà níbi tó ti ń fi nǹkan pamọ́. Nígbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, fáìlì mi ṣí.

Kdbxweb, ti JavaScript, kò mọ ohun tó ń jẹ́ díìsìkì. `await db.save()` yóò gbé ArrayBuffer, ìyẹn odidi fáìlì náà nínú mẹ́mórì, lé yín lọ́wọ́, ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Èyí sàn, torí ìṣirò ti parí kẹ́ ẹ tó débi fáìlì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà kọ ọ́ sílẹ̀, ọrùn yín ló wà.

Gokeepasslib, ti Go, ẹ̀yin náà lẹ ó fún un ní ibi tí yóò kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá sì fi `os.Create` ṣí fáìlì yín gan-an kẹ́ ẹ tó pe Encode tó ń kọ ọ́ jáde, ẹ ti sọ ọ́ di òfìfo nìyẹn, ọ̀fìn tí mo já sí lẹ ń rìn lọ. Ìlà kóòdù mẹ́rin ló ń tún un ṣe: ẹ kọ ọ́ sí orúkọ mìíràn, kẹ́ ẹ wá fi `os.Rename` gbé e wọlé. Ẹni tó bá rántí ló ń kọ ìlà mẹ́rin yẹn o.

Gokeepasslib tún ní ohun kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tún ní ìbòjú kejì nínú XML náà, okùn kan ṣoṣo ló sì la gbogbo wọn kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí okùn ìlẹ̀kẹ̀. Bí ọ̀kan bá já bọ́ tàbí tó yẹ̀ nípò, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ti bàjẹ́ nìyẹn. Pykeepass àti kdbxweb ń bá yín mójú tó o láìsọ̀rọ̀. Nínú gokeepasslib, ẹ̀yin lẹ ó pe `UnlockProtectedEntries` lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣí fáìlì, kẹ́ ẹ sì pe `LockProtectedEntries` kẹ́ ẹ tó fi í pamọ́. Ẹ gbàgbé ìkejì, KeePass kò ní rí páásíwọ́ọ̀dù yín kà bó ṣe yẹ.

Àwọn tó kù, kíákíá

Páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́: ẹ má rò pé library yóò bá yín tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kdbxweb ní `pushHistory`, pykeepass ní `save_history`. Ẹ pè é kẹ́ ẹ tó yí nǹkan padà. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ rèé:

```
kp = PyKeePass('onibara.kdbx', password=agba)
e = kp.find_entries(title='raauta otẹẹli', first=True)
e.save_history()
e.password = tuntun
kp.save()
```

Ẹni méjì lórí fáìlì kan: kdbxweb gba ìyìn níbí, kí n má purọ́. Ó ní `merge`: bí èmi bá yí nǹkan padà ní Ifẹ̀, tí ọmọṣẹ́ mi náà yí òmíràn padà ní Iléṣà, ó lè da méjèèjì pọ̀ láìpàdánù ọ̀kan. Pykeepass kò ní í. Ọ̀nà tí mo fi yanjú ẹ̀ ni pé ọmọṣẹ́ mi kì í kọ nǹkan kan sínú fáìlì mọ́; ó ń fi ohun tó bá yí padà ránṣẹ́ sí mi ni. Ó ní mo ti fojú òun gbolẹ̀. Bóyá lóòótọ́ ni.

Argon2: kdbxweb kò gbé e wá. Ẹ̀yin lẹ ó wá ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi `setArgon2Impl` so ó mọ́ ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, fáìlì tó bá ń lo Argon2 kò ní ṣí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan gbáko ló gbà mí.

Fífi sórí ẹ̀rọ: Go ló dáa jù. Fáìlì kan péré lẹ ó fi fláàṣì gbé fún oníbàárà, ó ti parí. Pykeepass ń fa lxml àti àwọn library mìíràn bẹ́ẹ̀ wọlé, ìyẹn sì ń jẹ dátà. Ẹ ṣe é níbi tí Wi-Fi bá wà.

Ìwé àṣẹ: MIT ni kdbxweb àti gokeepasslib, GPL-3 ni pykeepass. Bí ẹ bá fẹ́ ta ètò yín láìfi kóòdù rẹ̀ han ẹni tó rà á, ẹ kọ́kọ́ ka GPL náà dáadáa.

Rust: ó ní crate kan (bí wọ́n ṣe ń pe library níbẹ̀ nìyẹn) tó ń jẹ́ keepass, ó sì yára. Ìgbà tí mo wò ó, àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ṣì ń dán fífi KDBX 4 pamọ́ wò. Wọ́n ṣe dáadáa tí wọ́n sọ ọ́. Mo sọdá.

Èwo wá ni ká mú?

Bó bá jẹ́ inú bráúsà ni ètò yín yóò ti máa ṣiṣẹ́, kò sí ìjà níbẹ̀, kdbxweb ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ oníbàárà tí kò ní nǹkan kan lórí lẹ ń gbé e lọ, ẹ lo gokeepasslib, kẹ́ ẹ sì kọ ìlà mẹ́rin yẹn kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan mìíràn. Méjèèjì dáa fún ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, tí iná rẹ̀ kì í sì í ṣẹ́jú. Fún ẹni tí iná rẹ̀ dà bí tèmi, tó ń kọ kóòdù lálẹ́ lẹ́yìn tó ti gun àkàbà láti àárọ̀, pykeepass.

Èyí ó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ fi fáìlì ìdánwò ṣe é ná. Ẹ kó páásíwọ́ọ̀dù irọ́ ọgọ́rùn-ún sínú rẹ̀, ẹ yọ bátìrì, ẹ ní kó fi í pamọ́, kẹ́ ẹ wá fa wáyà yọ. Ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn náà, ẹ má jẹ́ kó máa gba tuntun lé ti àná lórí: èmi ń fi déètì sórúkọ tèmi, ti ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa ń wà nílẹ̀.

Páásíwọ́ọ̀dù òtẹ́ẹ̀lì Àlàájà ti padà sínú fáìlì. Òun náà ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ tirẹ̀ sára ògiri lẹ́yìn káńtà, gàdàgbà gadagba, níwájú gbogbo àlejò, ó ní òun ò gba kọ̀ǹpútà mi gbọ́ mọ́.