Ẹ̀rọ ìlu-kọnkéré fóòtì 110 tí mo rà ní Lọ́kọ́ja

Bí olùtajà bá gé púlọ́ọ̀gì aláwọ̀ ìyeyè, tó jẹ́ àmì fóòtì 110, kúrò lára irinṣẹ́ tókùnbọ̀, tó sì fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa, tó wà fún 230, rọ́pò rẹ̀, ẹ̀mí oníbàárà ló fi ń ṣeré. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń tajà bóyá fóòtì 230 ni ẹ̀rọ náà ń lò, ó sì ní, "Ọ̀gá, iná ilé ni, ẹ ṣáà tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì."

Ní sáìtì wa ní Kabba, níbi tí a ti fẹ́ lu ihò irin ìdìmú àtẹ̀gùn, ọmọ iṣẹ́ mi tẹ ẹ̀rọ náà. Ó pariwo kọjá ààlà, iná bùlúù bù yẹ̀rì nínú ihò tí atẹ́gùn ń gbà, èéfín sì bò wá. Mo fi èékánná họ bébà iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́ bébà yẹn gan-an ni wọ́n kọ 110V sí.

Mo tún gba ọ̀nà Ọbájànà padà láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì, ẹ̀rọ jíjóná lórí ẹsẹ̀ mi. Ọmọkùnrin náà ní iná jẹnẹrétọ̀ mi ló ga jù. Mo tẹ́ bébà náà sórí káńtà, ó wò ó, ó sì gbé fóònù sétí láti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Inú bí mi débi pé ohùn mi ti ń dé òpópónà.

Ariwo náà ló gbé bàbá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kí mi ní "Okun o," wọ́n gbóòórùn ẹ̀rọ náà, wọ́n tú u, wọ́n sì fi wáyà bàbà tó ti dúdú hàn mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ọmọkùnrin náà gbé páálí kan wá: púlọ́ọ̀gì ìyeyè ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ohun tó ń dáàbò bo èèyàn lò ń gé dànù." Wọ́n wé wáyà tuntun sí ẹ̀rọ mi láìgba kọ́bọ̀, wọ́n dá púlọ́ọ̀gì rẹ̀ padà, wọ́n sì ta tiransifọ́mà ìyeyè tókùnbọ̀, tó ń sọ iná 230 di 110, fún mi ní iye tí kò ni mí lára.

Nítorí àlàyé wọn ni mo ṣe ń kọ èyí. Ní sáìtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n so àárín gbùngbùn ibi tí iná ti ń jáde lára tiransifọ́mà yìí mọ́ ilẹ̀, nítorí náà fóòtì 55 péré ló wà láàárín wáyà kọ̀ọ̀kan àti ilẹ̀. Bí wáyà bá bó, tí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ sì wà nínú ẹrẹ̀, 55 ni yóò gbà á, kì í ṣe 230. Ẹ má ṣe rò pé tiransifọ́mà èyíkéyìí tí wọ́n bá ń ta lọ́jà láti fi lo tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ni yóò ṣe é: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ya iná tó ń jáde kúrò lára iná tó ń wọlé, wọn kò sì ní ààbò àárín náà.

Síbẹ̀, 110 ní ìyọnu tirẹ̀. Ẹ̀rọ wáàtì 800 ń fa nǹkan bí áḿpù 3.5 lórí 230, ṣùgbọ́n ó lé ní 7 lórí 110. Bí wáyà gígùn yín bá tẹ́ẹ́rẹ́, yóò gbóná, ẹ̀rọ kò sì ní lágbára. Bí iná bá rọ̀ dé 180, bó ti sábà máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa, nǹkan bí 86 ni ẹ̀rọ yóò rí. Tiransifọ́mà kVA 3.3 wúwo gan-an láti gbé gun àjà kejì, kò sì yẹ fún iṣẹ́ tí kì í dáwọ́ dúró láti àárọ̀ dalẹ́.

Nínú ilé gbígbẹ tí a ti rẹ́, 230 ni mo ń lò, pẹ̀lú RCD mílíáḿpù 30, ìyẹn ohun ààbò tó ń já iná kíákíá bí iná bá ń jò. Níbi tí omi àti ẹrẹ̀ bá wà, n kò ní fi nǹkan mìíràn lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ju 110 lọ.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọkùnrin yẹn kò tíì bẹ̀ mí.