Two-door fún ará Òṣogbo: Scion tC ni àbí Civic?

Àwọn tó ń bi mí nípa mọ́tò onílẹ̀kùn méjì ti pọ̀ jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kọ́rọ̀ ó tán. Tó bá jẹ́ Òṣogbo lẹ ń gbé, tẹ́ ẹ fẹ́ two-door tó máa dùn ún wò ṣùgbọ́n tó máa bá yín ṣiṣẹ́, tí kò ní í sọ yín di ọmọ ilé mẹkáníìkì, ẹ wá Scion tC ti àkọ́kọ́, mọ́tò Toyota ni, èyí tí wọ́n ṣe láti 2005 dé 2010, tẹ́ ẹ bá sì rí 2005 tàbí 2006 tó mọ́, ẹ mú un. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ lọ fún Honda Civic onílẹ̀kùn méjì, 2010 tàbí 2011. Ìyókù tí mo fẹ́ kọ, àlàyé ni.

Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ni mò ń ṣe, òde ìnáwó ni mò ń lọ káàkiri, Ẹdẹ, Ìkìrun, Ìwó, Iléṣà, ibi tí wọ́n bá ti pè mí. tC lèmi ń wà. Civic ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń yá bí a bá ní òde méjì lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà mo mọ àwọn méjèèjì ju ẹni tó kàn rí wọn ní Ọláìyá lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, torí ẹ̀yìn ni two-door ti máa ń dójú tini. Mo lọ gbé àǹtí mi àti ọkọ wọn ní Ìgbọ̀nà, ìkómọ ni à ń lọ ní Òkè-Fìà, àǹtí ti wé gèlè, wọ́n ti ró ìró, báàgì wà lápá, ọkọ wọn ti jókòó síwájú wọ́ọ́rọ́wọ́. Àǹtí yí mọ́tò po, wọ́n tún yí i po, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àwọn tó tà á fún ẹ ò fún ẹ ní ilẹ̀kùn tó kù ni?" Bàbá ní láti sọ̀ kalẹ̀, mo fa ìjókòó síwájú, àǹtí fi ìdí ṣáájú, ẹsẹ̀ tẹ̀lé e, orí ló wọlé gbẹ̀yìn nítorí gèlè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jókòó tán, wọn ò ráhùn mọ́, torí ìjókòó ẹ̀yìn tC ṣeé rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, àyè ẹsẹ̀ sì wà níbẹ̀ dáadáa. Ti Civic ò rí bẹ́ẹ̀, òrùlé ẹ̀ dagun lọ sẹ́yìn, ẹni tó bá ga díẹ̀ orí ẹ̀ máa kan òkè. Tẹ́ ẹ bá lọ́mọ méjì tẹ́ ẹ̀ ń gbé lọ sílé ìwé láràárọ̀, kí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ wọ ẹ̀yìn, kí ẹ máa di bẹ́líìtì fún wọn, ẹ má dára yín láàmú, ẹ ra Corolla, ká jọ máa ṣọ̀rẹ́ lọ.

Ibi tí tC ti wá lù gbogbo wọn pa ni búùtù. Gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ pátá ló ń ṣí sókè pẹ̀lú gíláàsì, kì í ṣe ìdérí kékeré bíi ti Civic, ìjókòó ẹ̀yìn sì ń wó lulẹ̀, ẹ lè wó apá kan kẹ́ ẹ fi apá kejì sílẹ̀ fún èèyàn. Tripod méjì, iná mẹ́ta pẹ̀lú igi wọn, àpótí kámẹ́rà, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour, gbogbo ẹ̀ ló wọlé, mo tún ti búùtù pa. Ẹni tó bá rí mọ́tò yẹn láti ìta kò ní í gbà pé ó lè gbẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ti Civic, búùtù ẹ̀ ò kéré nínú o, ẹnu ẹ̀ ló kéré, àpótí tó bá gùn máa di ìjà.

Ó dáa, ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan máa ń sá fún Scion torí wọn ò mọ orúkọ ẹ̀. Toyota ni, àwọn ló dá orúkọ yẹn sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà ní 2003, wọ́n sì pa á tì ní 2016. Ẹ́ńjìnnì 2.4 tó wà nínú tC àkọ́kọ́, 2AZ, òun náà ló wà nínú Camry Big Daddy oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, kò sì sí mẹkáníìkì kan láti Ọláìyá dé Òkè-Báálẹ̀ tí kò tíì tú u rí. Plọ́ọ̀gì, fíítà, sẹ́ńsọ̀, ẹ ò ní í wá a jìnnà, tó bá sì le jù, Àràrọ̀mí tó wà ní Gate n'Íbàdàn ò jìnnà sí wa. Ara ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Iná iwájú, bọ́ńpà, fẹ́ńdà, gíláàsì ilẹ̀kùn, ìwọ̀nyí kì í ṣe ti Camry, wọn ò sì kó tC wọ̀lú tó bí wọ́n ṣe kó Camry, ẹ lè pe ọjà Ládìpọ̀ l'Ékòó títí kó tó jáde, owó tí wọ́n bá sì pè lẹ máa san. Nítorí náà, tC tí iná iwájú ẹ̀ ti fọ́, tí ẹni tó ń tà á ń sọ pé "nǹkan kékeré nìyẹn, ẹ máa rí i rà", ẹ yọ owó iná yẹn kúrò nínú owó mọ́tò kẹ́ ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sanwó tán. Ríìmù náà ńkọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ti Camry fún yín, kò wọ̀ ọ́, ihò bóòtù wọn ò bára mu. Ti Corolla 2003 sí 2008 tó wá láti Amẹ́ríkà ló bá a mu.

Kí ló dé tí mo ṣe ń pariwo 2005 àti 2006? Ọ́ìlì ni. Irú ẹ́ńjìnnì yìí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bíi 2007 sí 2009, ríǹgì písítìn wọn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ọ́ìlì, Toyota fúnra wọn mọ̀ sí i l'Ámẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n èyí tó bá ń ṣe é máa gba owó yín. Ẹ pe ẹni tó ń tà á sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ní kó má tan mọ́tò títí ẹ ó fi dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá ti gbóná, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n ti ṣe nǹkan. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì jáde, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á, kẹ́ ẹ wo ibi tí ọ́ìlì dé. Ẹ wá ní kí wọ́n tan án, kí ẹ̀yin dúró sẹ́yìn, kẹ́ ẹ máa wo èéfín, èyí tó bá láwọ̀ búlúù kì í ṣe tòwúrọ̀ lásán. Kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ fi ìka nu inú sálẹ́ńsà. Dúdú gbígbẹ ò burú, dúdú tó ń yọ̀ bí ògì ni kẹ́ ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹnì kan tó ń ta mọ́tò lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán rí mi níbi tí mo ti ń fọwọ́ nu sálẹ́ńsà, ó ní ṣé mo fẹ́ ra mọ́tò ni àbí mo fẹ́ fọ̀ ọ́. Ó ní "first body" ni, pé wọn ò tíì kùn ún rí. Mo gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè níbi tí tàyà àfikún ń gbé, ilẹ̀ ibẹ̀ ti ká kò, wọ́n ti fi ọ̀dà bò ó. Irú ẹ̀ pọ̀, torí àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń wa two-door lọ́hùn-ún, wọn kì í sì í rọra.

Honda Civic wàyí. Èyí tó rẹwà jù nínú àwọn Civic ni mo rò pé ó jẹ́, 2006 sí 2011, dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ tó pín sí méjì, nọ́ńbà spíídì tó ń tàn lókè, ẹ máa rò pé tuntun ni lálẹ́. Ẹ́ńjìnnì 1.8 ni, agbára ẹṣin (horsepower) 140, ó ní ṣéènì kì í ṣe bẹ́líìtì, kò sì jẹ epo bíi ti tC, ẹni tó bá ń wà á lọ Íbàdàn lóòrèkóòrè máa mọ ìyàtọ̀ yẹn dáadáa, pàápàá láti ìgbà tí owó epo ti yí padà ní 2023. Tánkì ẹ̀ 50 lítà, ti tC 55. Ká sọ pé epo nìkan lẹ̀ ń rò, Civic lẹ máa rà.

Ṣùgbọ́n àwọn 2006 sí 2008, àti àwọn 2009 kan tó kọ́kọ́ jáde, bọ́lọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì wọn lè sán, kúláǹtì, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, á máa jò díẹ̀díẹ̀, mọ́tò á wá gbóná. Honda fún àwọn oníbàárà wọn l'Ámẹ́ríkà ní ìdánilójú ọdún 10 lórí ẹ̀, èyí ò sì kan èmi pẹ̀lú yín tá a wà l'Óṣogbo, ọdún yẹn gan-an ti kọjá. Ohun tó máa ń mú kó burú síi níhìn-ín ni pé omi lásán la máa ń rọ sí rédíétọ̀, ẹni tó ń tà á á rọ omi kún un láàárọ̀, ẹ ò sì ní í rí nǹkan kan títí di ọjọ́ kẹta. Ẹ tan iná fóònù sára bọ́lọ́ọ̀kù, ibi tí kúláǹtì bá ti jò tó gbẹ máa fi àbàwọ́n funfun tàbí aláwọ̀ sílẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n ní 2010 tàbí 2011.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé 2010 ni lóòótọ́? Ẹ má wo ìwé tí wọ́n kọ, ẹ wo nọ́ńbà ṣáàsì, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ òsì dírẹ́bà, ó sì tún wà lára férémù ilẹ̀kùn, kí méjèèjì bára mu. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ẹ ka ìkẹwàá: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Civic onílẹ̀kùn méjì ìgbà yẹn, Kánádà ni wọ́n ti ṣe é, 2HG ló fi ń bẹ̀rẹ̀. tC ní tiẹ̀, Jàpáánù ni, JTK ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí "2010" tí nọ́ńbà ẹ̀ ń kígbe 2007.

Ìyókù tó kan àwọn méjèèjì: ilẹ̀kùn wọn gùn, ó sì wúwo, ẹ ṣí i sílẹ̀ tán, ẹ fọwọ́ méjèèjì gbé etí ẹ̀ sókè, tó bá ń mì, híńjì ti lọ nìyẹn, lọ́jọ́ kan ẹ máa ní láti gbé e kó tó pa dé. Òrùlé gíláàsì tC dára lálẹ́, lọ́sàn-án ẹ fa ìbòjú ẹ̀ o, kẹ́ ẹ sì wo aṣọ òkè orí bóyá omi ti ba a jẹ́, torí ihò tí omi ń gbà jáde máa ń dí, pàápàá tí mọ́tò bá ń sùn lábẹ́ igi máńgòrò. Méjèèjì ló lọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ní àdúgbò tó jẹ́ pé afárá orí gọ́tà lẹ máa gùn wọlé, ẹ máa gbà á ní ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe tààrà. Tàyà tC, 215/45 lórí ríìmù 17, fẹ́lẹ́ ni, kòtò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Ìkìrun lè ká ríìmù kò. Ti Civic 205/55 lórí 16 nípọn jù ú lọ, ó sì gba ìyà dáadáa. Èyí tí wọ́n bá ti gé sípíríǹgì ẹ̀ kó lè lọ sílẹ̀ sí i, kí ẹ má tiẹ̀ bèèrè owó ẹ̀.

Ẹ má lẹ gíláàsì dúdú mọ́ ọn pẹ̀lú. Two-door, ọ̀dọ́kùnrin, gíláàsì dúdú, ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí àwọn ọlọ́pàá máa pè yín lójú ọ̀nà kí wọ́n tó bèèrè ìwé.

Àwọn mìíràn? tC kejì, 2011 sí 2016, 2.5 ni, ó dáa gan-an, tápò bá gbé e ẹ rà á. Solara tóbi, Camry tó bọ́ ilẹ̀kùn méjì sílẹ̀ ni, èyí tó ní V6 ń mu epo. Hyundai Veloster ní ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́ dírẹ́bà, méjì lọ́wọ́ kejì, àǹtí mi máa fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ gíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì tó wà nínú àwọn kan, mi ò tíì rí ẹni tí mo lè fọkàn tán gbé e fún níhìn-ín.

Tuntun gangan? Honda ò ṣe Civic onílẹ̀kùn méjì mọ́ láti 2020, lára ohun tó kù lọ́jà ni Toyota GR86, 2.4, 228 ẹṣin, tí ìjókòó ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ ti báàgì. BMW 2 Series. Àti Prelude háíbríìdì tí Honda ṣẹ̀ṣẹ̀ mú padà wá. Wọ́n rẹwà o, ojú mi ń wọ GR86 yẹn. Ṣùgbọ́n owó kan ṣoṣo wọn máa ra tC, ra ẹ̀rọ kámẹ́rà tuntun, kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí Ògo-Olúwa, tẹ́ ẹ bá sì gbé tuntun yẹn dé ọ̀dọ̀ rewáyà àdúgbò, á kàn máa wò yín ni.

Àbúrò mi ń wá 2005 tàbí 2006 lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní in nítòsí Òṣogbo, Ẹdẹ tàbí Iléṣà, kó fi fọ́tò géèjì ọ́ìlì àti abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búùtù ránṣẹ́, ẹ má fi ti rédíò àti ríìmù ránṣẹ́ sí mi o.